Ohun tí Ìmọ́lẹ̀ Gbà àti Ohun tí Ó Kọ̀: Ìtàn Òfin Ìdọ́gba nínú Aró, Sẹ̀gi àti Epo Pupa

Mo mọ̀ pé yóò ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń kúrò ní ipò kan bọ́ sí ipò mìíràn nínú mólékù. N kò wá gba iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ sì ni ó gbé mi dé ìdí ìtàn náà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ń kó àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn aláró ń lò jọ ní Igbole-Èkìtì àti ní àwọn ìlú tí ó wà ní àyíká rẹ̀, títí dé Ìdó, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé. Ní ọjọ́ kan, màmá àgbàlagbà kan fa aṣọ yọ nínú ìkòkò aró ní ojú mi. Nígbà tí aṣọ náà jáde, ó pọ́n rúsúrúsú bí ewé tí ó fẹ́ gbẹ. A kò tíì sọ̀rọ̀ púpọ̀ tí ó fi di àwọ̀ ewé tútù, lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, títí ó fi di aró gan-an. Màmá náà wò mí, ó ní, 'Ọmọ mi, ìwọ tí o kàwé, ta ni ó ń re aṣọ yìí nísinsìnyí tí ó ti kúrò nínú omi?'

N kò rí èsì kankan fún un ní ọjọ́ náà. Mo padà dé yunifásítì, mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, mo sì rí i pé ìbéèrè méjì ni màmá náà dì pọ̀ mọ́ ara wọn. Èkíní ni: kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí aṣọ náà nígbà tí atẹ́gùn fẹ́ sí i? Èyí rọrùn láti dáhùn. Èkejì ni: èé ṣe tí ohun tí atẹ́gùn sọ ọ́ dà fi ní àwọ̀ tí ó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí àwọn ohun mìíràn tí a fi èròjà irú rẹ̀ ṣe kò ní àwọ̀ rárá? Ìdáhùn èyí kò pé ọgọ́rùn-ún ọdún púpọ̀ tí ọmọ aráyé ti mọ̀ ọ́n. Nínú rẹ̀ ni òfin kan wà tí ó sọ irú ìrìn tí ìmọ́lẹ̀ lè mú kí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rìn àti irú èyí tí kò lè mú un rìn. Òfin náà kò ti inú ìwọ̀n tàbí agbára wá. Ìrísí ohun náà ni ó ti wá, bí apá rẹ̀ kan ṣe dọ́gba pẹ̀lú apá kejì.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí n fi ẹ̀sùn àtijọ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn kan máa ń sọ pé Yorùbá kò ní ju àwọ̀ mẹ́ta lọ, funfun, pupa àti dúdú, àti pé ẹni tí kò ní orúkọ fún àwọ̀ ojú ọ̀run kò lè ronú jinlẹ̀ lórí ìmọ́lẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn mẹ́ta yìí ni òpó ilé. Ṣùgbọ́n ẹ dé ìdí ìkòkò aró, ẹ ó gbọ́ àyìnrín, ẹ ó gbọ́ ẹtù, ẹ ó gbọ́ orúkọ fún aṣọ tí a rì lẹ́ẹ̀kan àti fún èyí tí a rì títí ó fi ń dán bí ìyẹ́ ẹyẹ. Èdè kan kì í ní ọ̀rọ̀ fún ohun tí àwọn tí ó ń sọ ọ́ kò fi ọwọ́ kàn. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń re aṣọ ní ọ̀rọ̀. Àwa tí a ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè ni a kò tètè lọ bá wọn.

Ewé ẹ̀lú ni ìbẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo. Igi agùnlọ́pàá kan ni ẹ̀lú tí àwọn Yorùbá ń lò, èyí tí àwọn onímọ̀ igi ń pè ní Lonchocarpus cyanescens. A óò já ewé rẹ̀ tútù, a óò gún un nínú odó, a óò ṣù ú ní róbótó, a óò sì sá a sí oòrùn kí ó gbẹ. Ní ọwọ́ kejì, a óò sun igi di eérú, a óò kó eérú náà sínú ìkòkò tí a lu ní ìdí, a óò da omi lé e kí ó máa kán sínú ìkòkò tí ó wà nísàlẹ̀. Omi eérú yìí ni ó ń ta ahọ́n. Àwọn aláró a máa tọ́ ọ wò láti mọ̀ bí ó ti le tó. Inú omi náà ni a ń rẹ ẹ̀lú sí fún ọjọ́ mélòó kan, títí tí yóò fi kan, tí òórùn rẹ̀ yóò sì yí padà. Bí ìkòkò kò bá kan dáadáa, aṣọ kò ní mu aró. Ọ̀dọ̀ Ìyá Màpó ni àwọn aláró ayé àtijọ́ ń tọ̀ bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀.

Ohun tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì rí nínú iṣẹ́ yìí nìyí. Èròjà tí ó wà nínú ewé tútù kò ní àwọ̀. Nígbà tí a bá gún ewé náà, èròjà yìí já, ìdajì mólékù kan sì jáde lára rẹ̀. Ìdajì náà kò lè dá wà nínú atẹ́gùn. Ó wá ìdajì mìíràn tí ó jọ ọ́ bí ìbejì, àwọn méjèèjì sì fi ara wọn so ní ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn. Mólékù aró nìyẹn: átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù 16, háídírójìn 10, náítírójìn 2 àti ọ́síjìn 2. Kì í yọ́ nínú omi, nítorí náà kò lè wọ inú òwú. Kíkan tí ìkòkò kan ni ó ń sọ ọ́ di ohun mìíràn tí ó pọ́n rúsúrúsú tí ó sì lè yọ́ nínú omi eérú. Bí aṣọ bá ti mu èyí, tí a sì fà á yọ, ọ́síjìn inú atẹ́gùn yóò dá a padà sí ipò rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú òwú náà, kò sì ní lè jáde mọ́. Bí mo bá tún padà rí màmá Igbole yẹn, ohun tí n óò sọ fún un ni pé atẹ́gùn ni ó ń re aṣọ náà.

Ará Jámánì kan, Adolf von Baeyer, ni ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe mólékù yìí láìlo ewé. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ọdún 1865. Ní ọdún 1880 ó ti rí ọ̀nà tí ó fi lè ṣe é, ní ọdún 1883 ó sì sọ bí àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ṣe so mọ́ra. Wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1905. Ní ọdún 1897 ni ilé iṣẹ́ BASF bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró àtọwọ́dá fún gbogbo ayé. Kò pẹ́ tí ó fi dé ọjà wa, òun àti sódà tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ omi eérú.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti di ẹjọ́. Ní Abẹ́òkúta, níbi tí iṣẹ́ àdìrẹ ti gbilẹ̀ ju ibikíbi lọ, ọjà aláró bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní àárín ọdún 1930 sí 1939. Àwọn kan sọ pé aró àtọwọ́dá àti sódà ni ó ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ní ọdún 1936, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi òfin de lílò wọn. Àwọn obìnrin aláró kò gbà. Wọ́n ta ko òfin náà ní gbangba, wọ́n sì ro ẹjọ́ wọn níwájú ìgbìmọ̀ tí a gbé kalẹ̀ láti wádìí ọ̀ràn náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Judith Byfield ti kọ ìtàn wọn jáde ní ọdún 2002, ìwé náà sì yẹ ní kíkà. Ohun tí ó kàn mí níhìn-ín ni pé, ní ti aró, ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin náà. Mólékù tí ó ti inú ewé ẹ̀lú jáde àti èyí tí ó ti inú agolo jáde kì í ṣe ọmọ ìyá lásán. Ọ̀kan náà ni wọ́n, kò sì sí irú ìmọ́lẹ̀ tí a lè tàn sí wọn tí yóò fi ìyàtọ̀ hàn láàrin wọn. Sódà ni a lè bá ṣe àríyànjiyàn, nítorí pé bí ó bá pọ̀ jù ó ń jẹ aṣọ, ó sì ń jẹ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn jẹ́ ọ̀ràn ìwọ̀n àti ìṣọ́ra, ó sì dá mi lójú pé kò sí ẹni tí ó mọ ìwọ̀n ju àwọn tí wọ́n ti ń fi ahọ́n tọ́ omi eérú wò láti ìgbà èwe wọn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo òfin náà fúnra rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ohun kan tí ó ní àárín gbùngbùn. Ẹ mú ibi kan lára rẹ̀, ẹ fa ìlà tààrà láti ibẹ̀ gba àárín náà kọjá, kí ẹ sì rin ìwọ̀n kan náà dé òdìkejì. Bí ẹ bá bá ohun tí ó jọ ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́ níbẹ̀, tí èyí sì rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ibi tí ẹ lè mú, ohun náà ní ìdọ́gba àárín. Bọ́ọ̀lù ní in. Bí a bá ya ojú ọpọ́n ayò sórí bébà, pẹ̀lú ihò mẹ́fà níhìn-ín àti mẹ́fà lọ́hùn-ún, àwòrán náà ní in. Orí ènìyàn kò ní in, nítorí pé ojú wà níwájú, ìpàkọ́ sì wà lẹ́yìn. Ìkòkò aró kò ní in. Ṣùgbọ́n mólékù aró ní in, nítorí pé ìdajì méjì tí ó jọra ni ó fi ẹ̀yìn so mọ́ra, tí orí ọ̀kan sì kọjú sí ibi tí ìdí èkejì wà.

Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú mólékù ń hùwà bí ìgbì omi. Ìgbì a máa ga níbì kan, a sì máa rì níbòmíràn. Nínú ohun tí ó ní ìdọ́gba àárín, irú ìgbì méjì péré ni ó lè wà. Nínú irú kìíní, ibi tí ìgbì bá ti ga níhìn-ín, yóò ga bákan náà ní òdìkejì. Nínú irú kejì, ibi tí ó bá ti ga níhìn-ín, yóò rì ní òdìkejì pẹ̀lú ìwọ̀n kan náà. Àwọn ará Jámánì pe irú kìíní ní gerade, wọ́n pe irú kejì ní ungerade. Lẹ́tà g àti u tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì ni gbogbo ayé ṣì ń lò títí di òní. Èmi yóò pè wọ́n ní ìgbì ọgbọọgba àti ìgbì òdì.

Ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Ó ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, lẹ́yìn náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tí ó jẹ́ ọ̀tún láti ìhín jẹ́ òsì bí a bá wò ó láti òdìkejì. Nítorí náà fífà yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ òdì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá fẹ́ gbé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò nínú ìgbì ọgbọọgba kan sínú ìgbì ọgbọọgba mìíràn, ohun tí apá kan mólékù náà bá fi kún iṣẹ́ náà ni apá kejì yóò yọ kúrò. Yóò dà bí ẹgbẹ́ méjì tí agbára wọn dọ́gba tí wọ́n ń fa okùn kan náà: òógùn ń jáde, okùn kò kúrò lójú kan. Ìrìn náà kò ní ṣeé ṣe, ìmọ́lẹ̀ yóò sì gba inú ohun náà kọjá láìpàdánù ohunkóhun. Bákan náà ni láti òdì sí òdì. Ṣùgbọ́n láti ọgbọọgba sí òdì, tàbí láti òdì sí ọgbọọgba, apá méjèèjì yóò fà sí ọ̀nà kan náà, ìrìn yóò sì ṣeé ṣe.

Nínú mólékù aró, ipò tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó ga jù lọ wà àti ipò òfìfo tí ó tẹ̀ lé e yàtọ̀ sí ara wọn ní ti ọgbọọgba àti òdì. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ gùn tó nǹkan bí 600 nànómítà, èyí tí ojú wa ń rí bí àwọ̀ ọsàn tí ó pọ́n, ni mólékù náà ń gbà mì, ó sì ń gbà á mì tagbáratagbára. Èyí tí ó ṣẹ́kù fún ojú wa ni aró. Kí ẹ má ṣì mí gbọ́ o: ìdọ́gba kò sọ àwọ̀ wo ni yóò jẹ́. Bí ipò méjì ṣe jìnnà sí ara wọn tó ni ó ń sọ ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí èyí tí ó yọ́ nínú ìkòkò, tí ìsopọ̀ àárín rẹ̀ ti yí padà, fi pọ́n rúsúrúsú. Iṣẹ́ ìdọ́gba ni láti ṣí ìlẹ̀kùn tàbí láti tì í.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ kíyè sí ìlẹ̀kùn yìí ni Otto Laporte, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún méjìlélógún tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Arnold Sommerfeld ní München. Ní ọdún 1924 ó ń wo ìlà ìmọ́lẹ̀ tí irin gbígbóná ń yọ jáde. Àwọn ìlà náà pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Laporte rí i pé òun lè pín gbogbo ipò tí ó wà nínú átọ́ọ̀mù irin sí ọ̀nà méjì, àti pé gbogbo ìlà tí ó lágbára ń ti ọ̀nà kan lọ sí ìkejì. Kò sí èyí tí ó wà láàrin ipò méjì tí wọ́n jẹ́ ti ọ̀nà kan náà. Kò mọ ìdí rẹ̀. Ní ọdún 1927 ni Eugene Wigner, ọmọ ilẹ̀ Hungary, fi hàn pé ìdọ́gba àárín ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ó lo ẹ̀ka ìṣirò kan tí àwọn onímọ̀ físíìsì ìgbà náà kò fẹ́ràn. Ó bí wọn nínú débi pé àwọn kan nínú wọn sọ ọ́ lórúkọ àjàkálẹ̀ àrùn. Hans Bethe lo ìṣirò kan náà fún átọ́ọ̀mù tí ó wà láàrin àwọn mìíràn ní ọdún 1929. Láti ibẹ̀ ni ó ti wọ inú mólékù.

Mo fẹ́ yà díẹ̀. Ó ṣòro láti ka ìtàn yìí kí a má ṣe kíyè sí iye àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ tí wọ́n sá kúrò nílé. Nígbà tí Hitler gba ìjọba ní ọdún 1933, Bethe fi Jámánì sílẹ̀, Edward Teller fi í sílẹ̀. Gerhard Herzberg, ẹni tí òun àti Teller jọ kọ iṣẹ́ pàtàkì kan ní ọdún náà gan-an, lọ sí Kánádà ní ọdún 1935 nítorí pé ọmọ Júù ni ìyàwó rẹ̀. Hertha Sponer, obìnrin tí ó mọ iṣẹ́ yìí dunjú, gba Oslo dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1936. Òun, Teller àti àwọn méjì mìíràn ni wọ́n tú àdììtú bẹ́nsíìnì ní ọdún 1939. Bẹ́nsíìnì ní ìdọ́gba púpọ̀, ipò kan nínú rẹ̀ sì wà tí òfin sọ pé ìmọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ dé. Síbẹ̀ a ń rí àmì rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ní nǹkan bí 260 nànómítà, níbi tí ojú ènìyàn kò lè dé. Èsì tí wọ́n rí ni pé mólékù kì í dúró jẹ́ẹ́. Ó ń gbọ̀n, gbígbọ̀n náà sì ń ba ìdọ́gba rẹ̀ jẹ́ fún ìgbà kúkúrú, ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sì ń gba ibẹ̀ yọ́ wọlé. Wọ́n mọ àlàyé yìí láti ọdún 1933 nínú iṣẹ́ Herzberg àti Teller. Bẹ́nsíìnì ni ó wá jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀.

Mo padà sílé. Ẹ̀rí tí ó dára jù lọ fún òfin yìí ní ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe aró, bí kò ṣe sẹ̀gi. Àwọn ọba Èkìtì tí ń dé adé ìlẹ̀kẹ̀, àwọn bí Ẹlẹ́kọ̀lé ti Ìkọ̀lé, Ọlọ́yẹ́ ti Ọ̀yẹ́ àti Olójùdó ti Ìdó, a máa ka ìran wọn dé Ilé-Ifẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ sì jẹ́ ara ohun tí a fi ń dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀. Sẹ̀gi ni aláwọ̀ aró nínú wọn. Gíláàsì ni, àwọ̀ tí ó sì wà nínú rẹ̀ ti ara kóbálìtì wá. Ìwọ̀n kóbálìtì tí ó tó láti sọ gíláàsì di aró kò tó ìdá kan nínú ìdá ọgọ́rùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè bí irú ohun kíún bẹ́ẹ̀ ṣe lè ní agbára tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ṣe kẹ́mísírì ní ilé ẹ̀kọ́ girama yóò rántí pé bí a bá yọ́ iyọ̀ kóbálìtì sínú omi, omi náà yóò pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí omi tí a fi ṣan ẹran. Bí a bá wá da ásíìdì líle tí a ń pè ní háídírókílọ́ríkì sí i, yóò di aró tí ó jinlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kóbálìtì kò pọ̀ sí i. Ohun tí ó yí padà ni ìjókòó àwọn tí ó yí i ká. Nínú omi, mólékù omi mẹ́fà ni ó yí i ká: ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, mẹ́rin ní àyíká. Ẹni kọ̀ọ̀kan ní ẹni tí ó kọjú sí i ní òdìkejì, nítorí náà ìdọ́gba àárín wà. Ìgbì ọgbọọgba sì ni gbogbo ipò tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kóbálìtì lè bọ́ sí nítòsí. Ìlẹ̀kùn tì, àyàfi ìwọ̀nba tí gbígbọ̀n ń jẹ́ kí ó yọ́ wọlé, gẹ́gẹ́ bí J. H. Van Vleck ti ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1937. Ṣùgbọ́n nínú ásíìdì líle náà, kílọ́ríìnì mẹ́rin péré ni ó yí i ká, wọ́n sì jókòó bí ààrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a gbé ẹyọ kan lé lórí. Kò sí ẹni tí ó ní ojúgbà ní òdìkejì. Ìdọ́gba àárín ti lọ, ìlẹ̀kùn ṣí, kóbálìtì sì ń gba ìmọ́lẹ̀ mì ní ìlọ́po tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Inú gíláàsì pẹ̀lú, ọ́síjìn mẹ́rin ni ó sábà máa ń yí i ká. Ohun tí ó mú sẹ̀gi jẹ́ sẹ̀gi ni pé ìdọ́gba kan kò sí níbẹ̀.

Ta ni ó wá ṣe gíláàsì yìí? Nígbà tí Leo Frobenius dé Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1910, ó rí àwọn àfọ́kù ìkòkò tí gíláàsì lẹ̀ mọ́ ní Igbó Olókun. Ó rí iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kò gbà pé àwọn baba ńlá àwọn tí ó bá nílé ni ó ṣe é. Ó wá gbogbo ọ̀nà láti fi í fún àwọn ará Gíríìsì ayé àtijọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn onímọ̀ tí wọ́n ní ọgbọ́n jù ú lọ gbà pé Ifẹ̀ ń ṣiṣẹ́ gíláàsì lóòótọ́, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé gíláàsì tí ó ti òkè òkun tàbí ilẹ̀ Lárúbáwá wá ni wọ́n ń yọ́, tí wọ́n sì ń tún rọ. Èrò yìí pẹ́ nínú ìwé. Ní ọdún 1972, Claire Davison yẹ èròjà inú àwọn ìlẹ̀kẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà wò nínú iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé rẹ̀. Ní ọdún 2006, James Lankton, Akin Ige ti yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, àti Thilo Rehren kọ ọ́ pé gíláàsì Ifẹ̀ ní ẹfun àti àlúmínà púpọ̀ ní ọ̀nà tí gíláàsì ibòmíràn kò gbà ní in. Ní ọdún 2011 àti 2012, Abídèmí Babátúndé Babalọlá wa ilẹ̀ Igbó Olókun, ó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó ju 12,000 lọ pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí a fi yọ́ gíláàsì. Iṣẹ́ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde láti ọdún 2017 fi hàn pé láti nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni a ti ń ṣe gíláàsì níbẹ̀ láti inú ohun tí ilẹ̀ ibẹ̀ mú jáde. A ti rí irú rẹ̀ ní Gao ní orílẹ̀-èdè Mali.

Èmi kì í ṣe ẹni tí ó máa ń sọ pé àwọn baba wa mọ gbogbo ohun tí àwọn òyìnbó mọ̀. Wọn kò mọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ẹni tí ó ń fẹ́ iná ní Igbó Olókun kò rí ọ́síjìn mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ó mọ òkúta tí ó yẹ kí òun lọ̀ sí i, ó mọ ìwọ̀n rẹ̀, ó mọ bí iná ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó, ìmọ̀ yìí sì ti lọ́wọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ mìíràn fún ọ̀pọ̀ ìran kí Laporte tó dé ayé. Ìtàn ìmọ̀ tí kò bá ní ààyè fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò tíì pé.

Àwọn kan bi mí ṣáájú ìpàdé yìí bóyá a lè sọ àwọn nǹkan wọ̀nyí ní Yorùbá láìya èdè Gẹ̀ẹ́sì lò ní gbogbo gbólóhùn. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ náà kò kùnà. Ní ọdún 1984 àti 1990 ni ìwé èdè-ìperí Yorùbá jáde lábẹ́ àbójútó Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ó wà fún. Kò dé ọ̀dọ̀ mólékù. Ohun tí mo lò lónìí ni ìdọ́gba àárín, ìgbì ọgbọọgba, ìgbì òdì, àti òfin ìyọ̀ǹda fún gbogbo irú òfin tí ń sọ ìrìn tí ó ṣeé ṣe. Bí àwọn onímọ̀ físíìsì bá ní èyí tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n gbé e wá. N kò ní bínú.

Ó ku epo pupa, kò sì ní pẹ́ mọ́. Kárótíìnì ni ó pọ́n nínú rẹ̀, mólékù gígùn tí kábọ́ọ̀nù 40 wà nínú rẹ̀. Paul Karrer ni ó sọ bí ó ṣe so mọ́ra ní ọdún 1930. Ó ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ó wà ní agbègbè 450 nànómítà mì, ó sì ń fi pupa àti rúsúrúsú sílẹ̀ fún wa. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń yọ́ epo lórí iná títí yóò fi mọ́ ń ja okùn gígùn yìí ni. Bí ó bá ti já, àwọ̀ lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ gbà pé ipò tí kárótíìnì ń bọ́ sí nígbà tí ó bá gba ìmọ́lẹ̀ ni ipò kìíní tí ó wà lókè ibi tí ó ti kúrò. Ní ọdún 1972, Bruce Hudson àti Bryan Kohler yẹ mólékù kan tí ó jọ ọ́ wò, tí ó kúrú jù ú lọ, wọ́n sì rí i pé ipò mìíràn wà nísàlẹ̀ ìyẹn, tí ẹnikẹ́ni kò rí nítorí pé ọgbọọgba ni òun àti ibi tí ìrìn ti bẹ̀rẹ̀: ìmọ́lẹ̀ kò lè dé ibẹ̀ tààrà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí nínú kárótíìnì. Ìmọ́lẹ̀ a gbé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ lọ sí ipò kejì, yóò já bọ́ sí ipò ìkọ̀kọ̀ yìí láìpẹ́ rárá, láti ibẹ̀ ni yóò sì ti padà sílé nípa sísọ agbára rẹ̀ di ooru, nítorí pé ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ kò lè gbà wọlé ni kò lè gbà jáde pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí kárótíìnì inú epo pupa kì í fi í tan ìmọ́lẹ̀ padà tó ohun tí a lè fi ojú rí, bí ó ti wù kí oòrùn mú tó ní ẹ̀yìnkùlé ibi tí a ti ń fún un.